Ilé Tuntun, Ilẹ̀ Àtijọ́: Àgbéyẹ̀wò Lórí Pípààrọ̀ Ìkòkò Igi Inú Ilé Nígbà Tí A Bá Ń Kó Lọ Síbòmíràn

Ẹni tó bá fẹ́ kó kúrò nílé kan lọ sí òmíràn mọ bí wọ́n ṣe ń tú bẹ́ẹ̀dì, ó mọ bí wọ́n ṣe ń fi aṣọ wé tẹlifíṣọ̀n, ó sì ti bá àwọn ọmọkùnrin tí yóò gbé fíríìjì sọ̀rọ̀. Igi tó wà nínú ike lẹ́nu ọ̀nà ni ẹnikẹ́ni kì í rántí títí ọkọ̀ á fi dé. Bí ọkọ̀ bá wá dé, wọ́n á fi í sílẹ̀ fún ayálégbé tó ń bọ̀, tàbí kí wọ́n jù ú sórí ẹrù. Àwọn tó bá gbé e lọ sábà máa ń fi ìfẹ́ ṣe é ní jàǹbá: bí wọ́n bá ti dé ilé tuntun, wọ́n á ra ìkòkò tó ń dán, wọ́n á gbọn ilẹ̀ àtijọ́ dànù, wọ́n á sì tú igi náà gbìn lọ́jọ́ náà gan-an, kí pálọ̀ lè rẹwà kí àlejò tó dé. Kò ní pẹ́ tí ewé á fi máa pọ́n, tí á sì máa já. Wọ́n á ní igi náà kò fẹ́ràn ilé yẹn.

Igi kì í bá ilé jà. Ìyà méjì ni a fi jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo ti yẹ ohun tí àwọn onímọ̀ ewéko sọ wò, mo sì ti fi wé ohun tí àwọn àgbẹ̀ gúúsù Èkìtì ti mọ̀ láti ìdí kókó. Ibi tí ọ̀rọ̀ wọn ti pàdé ni pé kí èèyàn má ṣe pààrọ̀ ilé igi àti ilẹ̀ igi papọ̀. Kí ọ̀kan fara balẹ̀ kí èkejì tó bẹ̀rẹ̀. Ohun mìíràn tó kù láti sọ nípa ìkòkò, ilẹ̀, oòrùn àti kòkòrò, abẹ́ ìyẹn ni gbogbo rẹ̀ wà.

Kí ló tilẹ̀ dé tí igi inú ike fi pọ̀ tó báyìí lọ́wọ́ àwọn ayálégbé? Mo rò pé ìdáhùn rẹ̀ wà nínú bí a ṣe ń lo ilẹ̀. Ní Ìgbàrà-Odò tiwa níhìn-ín ní gúúsù Èkìtì, bó ṣe rí ní Ìlawẹ̀, Ọ̀gọ̀tún, Ìkẹ́rẹ́, Ìṣẹ̀ àti Ẹ̀múrè, ilẹ̀ ní ẹbí tó ni ín. Láyé àwọn baba wa, àlejò tí wọ́n bá fún nílẹ̀ lè gbin iṣu, àgbàdo àti ẹ̀gẹ́, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ gbin kókó, obì tàbí ọ̀pẹ láìgba àṣẹ, nítorí igi tó ń pẹ́ nílẹ̀ lè sọ àlejò di onílẹ̀. Ìṣákọ́lẹ̀ tó ń san lọ́dọọdún ló ń jẹ́rìí pé ilẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀. Òfin Ilẹ̀ ti ọdún 1978 gbé àkóso ilẹ̀ ìpínlẹ̀ lé gómìnà lọ́wọ́, síbẹ̀ èrò àtijọ́ yẹn kò kúrò lọ́kàn wa. Ayálégbé tó bá gbin ọsàn sí ẹ̀yìnkùlé lánlọ́ọ̀dù mọ̀ dájú pé ẹlòmíràn ni yóò ká a. Ike ló bá wọn yanjú ọ̀rọ̀ náà. Ohun tó bá wà nínú ike, ẹni tó ni ike ló ni ín. Olùkọ́ tí ìjọba lè gbé láti Ìgbàrà-Odò lọ sí Ẹ̀múrè nígbàkigbà, akẹ́kọ̀ọ́ tó gba yàrá kan ní Ìkẹ́rẹ́, opó tó ń gbé ilé ẹbí ọkọ, gbogbo wọn ló lè ní oko kékeré tí wọ́n lè gbé dání. Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ fáàrí àwọn olówó ni èyí.

Ohun tó sì wà nínú àwọn ike náà pọ̀ ju òdòdó lọ. Ẹfínrín wà níbẹ̀, ewúro wà níbẹ̀, ewé tíì, aloe vera, ọ̀dúndún, rinrin àti àbámodá. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ni àwọn tí a gbìn fún ẹwà: ọ̀já kòríkò tó nàró bí idà, pèrègún tí ìlà pupa rúsúrúsú gba àárín ewé rẹ̀ kọjá, àti èyí tó ń fà tí gbogbo èèyàn ń pè ní mọ́nì pláǹtì. Inú mi máa ń dùn sí pèrègún àti ọ̀já kòríkò, nítorí ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà ni àwọn méjèèjì. Inú igbó tiwa níhìn-ín ni wọ́n ti ń hù kí àwọn òyìnbó tó kó wọn lọ sí pálọ̀ wọn, tí wọ́n fi ń tà á ní gbogbo àgbáyé lónìí. Mọ́nì pláǹtì ní tirẹ̀ wá láti erékùṣù kan nínú agbami òkun Pàsífíìkì.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ilẹ̀. Gbòǹgbò ńlá tí ojú wa ń rí kọ́ ló ń mu omi jù. Irun wínníwínní tó wà létí gbòǹgbò kéékèèké ló ń ṣe iṣẹ́ náà, wọ́n sì tinrín tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé bí a bá gbọn ilẹ̀ kúrò lára wọn, wọ́n á já. Ewé kò mọ̀ pé wọ́n ti já. Ó ṣì ń mí omi jáde bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀, nígbà tí ẹnu tó ń mu omi wọlé ti dín kù. Ìdí nìyẹn tí igi tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tú gbìn fi ń rọ bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ ìdí rẹ̀ tutù. Ó nílò ọ̀sẹ̀ díẹ̀ láti hu irun mìíràn.

Ti ilé tuntun náà tún wà lọ́tọ̀. Ewé tó hù nínú ibòji máa ń fẹ̀, ó sì máa ń fẹ́lẹ́. Èyí tó hù nínú oòrùn máa ń kéré, ó sì máa ń nípọn. Igi tó ti ń gbé ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé alámọ̀ tó ṣókùnkùn, tí a wá gbé sí iwájú fèrèsé gíláàsì ńlá ní Adó-Èkìtì, ewé tó ní lára kò bá ibẹ̀ mu mọ́. Oòrùn á jó o. Ewé àtijọ́ náà ní láti já bọ́ díẹ̀díẹ̀ kí igi náà tó hu ewé tó bá ilé tuntun mu. Igi tó ń wá irun gbòǹgbò tuntun, tó tún ń wá ewé tuntun ní àkókò kan náà, inú oúnjẹ tó ti fi pamọ́ sára ni yóò ti ná an, oúnjẹ náà kì í sì í pọ̀ nínú ike kékeré.

Àwọn àgbẹ̀ kókó ti mọ èyí kí ẹnikẹ́ni tó kọ ọ́ sínú ìwé fún wa. Ẹni tó bá ti ṣe nọ́sìrì kókó rí ní ìhà ibí yìí mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é: wọ́n á rọ ilẹ̀ sínú ọ̀rá dúdú tó ní ihò nísàlẹ̀, wọ́n á ki hóró kókó bọ̀ ọ́, wọ́n á fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe àtíbàbà lé e lórí, wọ́n á sì máa bomi rin ín fún oṣù márùn-ún tàbí mẹ́fà. Bí àkókò àtigbé e lọ sóko bá ń súnmọ́, wọn kì í ṣí àtíbàbà náà lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n á máa yọ imọ̀ ọ̀pẹ kúrò díẹ̀díẹ̀ kí ewé lè mọ oòrùn. Wọ́n á bomi rin ín dáadáa kó tó di ọjọ́ tí wọn yóò gbé e, kí ilẹ̀ ìdí rẹ̀ lè dì. Òjò tó ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ ni wọ́n ń dúró dè. Lójú oko, wọ́n á la ọ̀rá náà lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n á sì gbé igi náà sínú ihò tòun ti ilẹ̀ rẹ̀, láìjẹ́ kó fọ́. Iléeṣẹ́ ìwádìí kókó ti Nàìjíríà, CRIN, tó wà ní Ìbàdàn láti 1964, kò yà kúrò nínú ìlànà yìí. Mi ò rí ìdí kankan tí a óò fi máa ṣe igi pálọ̀ wa lọ́nà tó le ju ti kókó lọ.

Ìgbà wo wá ni kí a pààrọ̀ ìkòkò? Èrò àwọn onímọ̀ pín sí méjì lórí èyí. Àwọn kan ní kó tó di ọjọ́ ìkóẹrù ni: kí a gbé igi kúrò nínú ìkòkò amọ̀ tó wúwo bọ́ sínú ike tó fúyẹ́, nítorí ike kì í fọ́ lójú ọ̀nà. Bí wọ́n bá sì sọ ọ́, wọ́n máa ń fi kún un pé kí ó tó ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta ṣáájú. Àwọn kejì ní kí a gbé e lọ bó ṣe wà, kí a jẹ́ kó gbé ilé tuntun fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin, kí a máa wò ó. Bó bá ti hu ewé tuntun, ara rẹ̀ ti balẹ̀ nìyẹn, a lè pààrọ̀ ìkòkò rẹ̀ nígbà náà. Ẹ̀yìn àwọn kejì ni mo wà. Ọ̀nà ibí yìí gan-an fún mi ní ìdí kan sí i: igi tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tú gbìn kò tíì di ilẹ̀ mú, gbogbo kòtò tí ọkọ̀ bá kó sí láti Ìgbàrà-Odò dé ibi tó ń lọ ni yóò máa mì ín nídìí, yóò sì máa já ìwọ̀nba irun tó bá ti hù. Igi tó ti pẹ́ nínú ike rẹ̀ kò ní ìṣòro yìí, nítorí gbòǹgbò rẹ̀ ló di ilẹ̀ mú.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ní àyàfi. Bí gbòǹgbò bá ń rà, a kò lè dúró. Bí ìkòkò bá ti sán, tí kò lè dé ibi tó ń lọ, a kò lè dúró. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìkòkò ńlá tí ọkùnrin méjì kò lè gbé. Fún ìwọ̀nyí, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ ṣáájú, ẹ sì fún un láyè kí ọkọ̀ tó dé.

Ọ̀rọ̀ ìgbà tún kọjá ti ọjọ́ ìkóẹrù. Púpọ̀ nínú ìwé tó wà lórí ọ̀rọ̀ yìí, ilẹ̀ olótùútù ni wọ́n ti kọ wọ́n, wọ́n á sì ní oṣù kẹta tàbí ìkẹrin ló dára jù, nígbà tí òtútù ń lọ. Ìdí tí wọ́n fi sọ bẹ́ẹ̀ ni pé ìgbà náà ni igi wọn ń jí láti orun. Tiwa níhìn-ín kì í sùn nítorí òtútù. Ọ̀dá ló ń dá a dúró. Àkọ́rọ̀ òjò ni ìgbà tiwa ti ń bẹ̀rẹ̀, ó sì ń lọ títí òjò á fi rọlẹ̀. Ó bọ́ sí oṣù kan náà pẹ̀lú tiwọn ní ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ yàtọ̀, ẹni tó bá sì mọ ìdí yóò mọ̀ pé oṣù kẹfà dára fún wa bákan náà. Ohun tó burú ni oṣù kejìlá àti oṣù kìíní, nígbà tí ọyẹ́ bá ń fẹ́, tí ètè èèyàn gan-an ń là. Ó bani nínú jẹ́ pé àsìkò yẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń kó ilé, torí owó ilé tó parí pẹ̀lú ọdún. Ìgbà ara là á búra, ẹnìkan kì í bú Ṣàngó lẹ́ẹ̀rùn. Ẹni tó bá kó nínú ọyẹ́, kó gbé igi rẹ̀ lọ nínú ilẹ̀ rẹ̀ àtijọ́, kó fi í síbi tí afẹ́fẹ́ kò ti ní máa nà án, kó sì dúró de òjò.

Lójú ọ̀nà, afẹ́fẹ́ ló ń pa igi ju ohunkóhun lọ. Ẹ̀yìn ọkọ̀ tó ṣí sílẹ̀ lè gbẹ ewé láàárín wákàtí kan. Ẹní ni kí ẹ fi wé e, kì í ṣe ọ̀rá, nítorí ọ̀rá nínú oòrùn á se ewé jinná. Ẹni tó bá ti Ọ̀gọ̀tún kọjá, níbi tí wọ́n ti ń hun ẹní tó lókìkí, kò ní wá ohun tí yóò lò tì. Ẹ fún igi lómi ní ọjọ́ kan ṣáájú, ẹ má ṣe fún un ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìkóẹrù, kí ẹrẹ̀ má baà dà sórí mátírẹ́ẹ̀sì. Ìdí ike ni kí wọ́n ti gbé e. Ọmọ tó bá di ọrùn igi mú fà á ti fa gbòǹgbò rẹ̀ já.

Ó yá, ká gbà pé igi ti dé, ó ti balẹ̀, ó ti yọ ewé tuntun. Báwo la ṣe mọ̀ pé ó nílò ìkòkò mìíràn rárá? Ẹ yí ike náà wò. Bí gbòǹgbò bá ti ń yọ nínú ihò ìsàlẹ̀, tàbí tí omi bá ń gba inú ike kọjá wéréwéré láìdúró, àyè ti há. Ẹ dojú ike náà kọ ilẹ̀ díẹ̀, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ gbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ìka méjì wà lọ́tùn-ún lósì igi náà láti gba ilẹ̀ dúró. Yóò yọ jáde bí ẹ̀kọ ṣe ń yọ nínú ewé. Bí ẹ bá rí i tí gbòǹgbò funfun ti yí ara wọn po lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí ilẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ hàn mọ́, ẹ fi ìka tú àwọn ti ìsàlẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀, ẹ sì gbé e sínú ìkòkò tó tóbi jù ú lọ díẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ṣì pọ̀ ju gbòǹgbò lọ, ẹ dá a padà sínú ike rẹ̀. Kò bẹ̀ yín níṣẹ́ kankan. Bí ó bá ń rùn bí omi ẹ̀gẹ́ tó ti kan, tí gbòǹgbò rẹ̀ dúdú, tó sì ń bó lọ́wọ́, omi ló pọ̀ jù. Ẹ gé èyí tó rà kúrò, ẹ gbìn ín sínú ilẹ̀ gbígbẹ tuntun, ẹ sì dín ewé rẹ̀ kù kó lè bá gbòǹgbò tó ṣẹ́ kù dọ́gba.

Lórí ìwọ̀n ìkòkò, àwọn èèyàn máa ń fi agbára ra èyí tó tóbi jù lọ́jà, wọ́n ní kó lè pẹ́ níbẹ̀. Ní 2012, onímọ̀ ewéko Hendrik Poorter àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìwádìí 65 jọ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n rí i pé bí a bá sọ àyè gbòǹgbò di ìlọ́po méjì, igi a máa fi nǹkan bí ìdá 43 nínú ọgọ́rùn-ún tóbi sí i. Òótọ́ ni pé àyè ń mú igi dàgbà, nígbà náà. Ṣùgbọ́n igi tó wà lójú oòrùn, tó ń dàgbà kíákíá, yàtọ̀ sí èyí tó wà nínú kọ̀rọ̀ pálọ̀. Nínú ìkòkò ńlá, ilẹ̀ tí gbòǹgbò kò tíì dé máa ń di omi mú fún ọjọ́ pípẹ́, ìdíbàjẹ́ sì ń tibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Fún igi inú ilé, kí ìkòkò tuntun fi ìwọ̀n ìka méjì tàbí mẹ́ta fẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ. Ó tó. Ewúro àti ẹfínrín tó wà níta lè gba èyí tó tóbi dáadáa, nítorí wọ́n ń jẹ, wọ́n sì ń mu.

Àṣà kan wà tí mo fẹ́ kí a jọ jáwọ́ nínú rẹ̀: dída òkúta wẹ́wẹ́ tàbí àpáàdì sí ìsàlẹ̀ ìkòkò pé kí omi lè jò dáadáa. Ó jọ ohun tó bọ́gbọ́n mu, ṣùgbọ́n òdìkejì rẹ̀ ló ń ṣe. Omi kì í fi ilẹ̀ tó kúnná sílẹ̀ wọ inú òkúta àfi bí ilẹ̀ náà bá ti mu yó pátápátá. Òkúta kàn ń gbé ibi tí omi dúró sí ga sí i ni, ó ń sún un mọ́ gbòǹgbò. Ẹyọ àpáàdì kan ṣoṣo tó bo ihò, kí ilẹ̀ má baà dà jáde, kò burú. Èyí tó ṣe pàtàkì ni ihò fúnra rẹ̀. Bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà, agolo mílíìkì ńlá, kẹ́ẹ̀gì tí a gé lórí, gbogbo wọn ló wúlò bí a bá ti dá wọn lu nísàlẹ̀. Ìkòkò olówó ńlá tí kò níhò, omi ni yóò fi pa igi.

Bí ẹ bá bi mí léèrè èwo ló dára jù nínú amọ̀ àti ike, n óò ní kí ẹ wo ẹni tí yóò máa bomi rin ín. Amọ̀ tí wọ́n fi iná ìta gbangba sun, irú èyí tí àwọn ìyá amọ̀kòkò ní Ìsàn-Èkìtì àti ní Ìlọrin ń mọ, máa ń mí. Ìdí kan náà tí omi àmù fi ń tutù ni: omi ń sun gba ara rẹ̀ jáde díẹ̀díẹ̀. Igi inú irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ kì í tètè rà nídìí, ó dára fún aloe vera àti ọ̀já kòríkò, ó sì dára fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yá sí omi. Nínú ọyẹ́, ó ń gbẹ kíákíá. Ike ń pa omi mọ́. Ẹni tó ń ti ibi iṣẹ́ dé lálẹ́ ni ó bá mu. Inú mi yóò dùn bí a bá ń ra ti àwọn amọ̀kòkò wa sí i, nítorí àmù tí wọ́n ń tà tẹ́lẹ̀ ti sá fún fíríìjì, iṣẹ́ náà sì yẹ kó ríbi gbà.

Ilẹ̀ kò yẹ kó fa wàhálà fún ará Ìgbàrà-Odò. Ìpín mẹ́ta ilẹ̀dú láti abẹ́ igi kókó tàbí ẹ̀yìnkùlé, ìpín méjì ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jinná, ìpín kan iyanrìn odò: àpòpọ̀ tí àwọn oníṣẹ́ nọ́sìrì ti ń lò ní gbogbo ilẹ̀ wa nìyẹn, ó sì ń ṣiṣẹ́. Ìgbẹ́ adìyẹ tó bá ṣì ń ta nímú máa ń jó gbòǹgbò. Ẹ jẹ́ kó wà nínú òkìtì fún oṣù méjì ó kéré tán, títí tí kò fi ní rùn mọ́. Lẹ́búlẹ́bú pákó wà lọ́fẹ̀ẹ́ ní àwọn ṣómíìlì wa, ó sì ń mú ilẹ̀ fúyẹ́, ṣùgbọ́n èyí tó tuntun ń jẹ oúnjẹ inú ilẹ̀ mọ́ igi lẹ́nu bó ṣe ń jẹrà, ó sì lè pe ikán wọlé. Èyí tó ti dúdú, tó ti jẹrà, ni kí ẹ kó. Eérú èèpo kókó tí a fi ń ṣe ọṣẹ dúdú lágbára púpọ̀, ẹ má ṣe da á sínú ìkòkò. Ajílẹ̀ NPK kò sì sí lára ìtọ́jú igi tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tú gbìn. Ó di ìgbà tí oṣù kan bá kọjá, tí gbòǹgbò ti sàn.

Ẹ wo abẹ́ ewé kí igi tó wọ ilé. Kòkòrò kan wà tó funfun bí òwú, tó máa ń fara pamọ́ síbi tí ewé ti so mọ́ igi. Ìdílé rẹ̀ ni ti èyí tó ń gbé àrùn tó ń mú ẹ̀ka kókó wú kiri, àrùn tí wọ́n ṣàkọsílẹ̀ rẹ̀ ní Gánà ní 1936, tí ó sì mú kí wọ́n gé igi kókó àìmọye lulẹ̀. Ìdílé kan náà ni ti èyí tó ti Gúúsù Amẹ́ríkà bá igi ẹ̀gẹ́ wọ ilẹ̀ Kóńgò ní nǹkan bí 1973, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa oko ẹ̀gẹ́ run káàkiri Áfíríkà. Iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IITA ní Ìbàdàn ló wá ojútùú: Hans Herren àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú agbọ́n kékeré kan wá láti Gúúsù Amẹ́ríkà, wọ́n sì tú u sílẹ̀ ní 1981 kó máa jẹ kòkòrò náà. Ẹ̀bùn Oúnjẹ Àgbáyé ni wọ́n fi dá Herren lọ́lá ní 1995. Ẹ̀ka igi tí ẹnìkan gbé láti ibì kan lọ síbòmíràn láìwò ó ló fa wàhálà ẹ̀gẹ́ yẹn. Nínú ilé, omi ọṣẹ àti àkísà tó mọ́ ti tó láti nù ún kúrò bí a bá tètè rí i. Àwo tí a gbé sábẹ́ ìkòkò náà ńkọ́? Ẹ máa da omi inú rẹ̀ nù. Omi tó dúró síbẹ̀ ni ẹ̀fọn tó ń gbé ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ń yé ẹyin sí, ẹyin rẹ̀ sì lè wà ní gbígbẹ fún oṣù púpọ̀ títí omi á fi tún kàn án.

Ọ̀pọ̀ nínú igi tiwa kò tilẹ̀ nílò kí a gbé gbogbo rẹ̀ lọ. Ẹ gé pèrègún ní ìwọ̀n apá kan, ẹ ki í bọ ilẹ̀, yóò yè. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi í pààlà ilẹ̀. Ewúro ń hù láti ẹ̀ka. Ewé tíì, ìdì kan pẹ̀lú gbòǹgbò díẹ̀ ti tó. Àbámodá rọrùn ju gbogbo wọn lọ: ewé kan ṣoṣo tí a tẹ́ sórí ilẹ̀ tutù á yọ ọmọ yí etí rẹ̀ ká. Bí igi bá ti gbó, tó ti gùn ságasàga, ẹ̀ka rẹ̀ ni kí ẹ mú lọ, kí ẹ fi ìyá rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀. Ọ̀nà yìí ti gbé ewé wa kọjá òkun. Ní Bàhíà ní Brazil, níbi tí wọ́n kó àwọn baba wa lọ lẹ́rú, pèrègún àti akòko ṣì wà nínú ọgbà àwọn ilé òrìṣà, orúkọ Yorùbá wọn kò sì kúrò lẹ́nu àwọn ọmọ ibẹ̀.

Àwọn òyìnbó náà jìyà púpọ̀ kí wọ́n tó mọ bí a ṣe ń gbé igi rìn jìnnà. Iyọ̀ òkun àti afẹ́fẹ́ máa ń pa á lórí ọkọ̀ ojú omi. Ní 1829, Nathaniel Ward, dókítà kan ní Lọ́ńdọ̀nù, rí i pé ewéko hù nínú ìgò tí ó dé pa, tí kò bomi rin. Ní 1833, ó fi igi ránṣẹ́ sí Sydney nínú àpótí gíláàsì tó dé pinpin, wọ́n sì débẹ̀ láàyè. Ohun tí àpótí náà ṣe kò ju pé ó pa ilẹ̀ àti afẹ́fẹ́ igi mọ́ bákan náà títí ó fi gúnlẹ̀.

Ẹ̀tàn kan wà tí àwọn tó ń ta òdòdó máa ń fi tajà, pé igi inú ilé ń fọ afẹ́fẹ́ mọ́. Ìwádìí NASA ti 1989, tí wọ́n ṣe nínú àpótí tó dé pa, ló ti jáde. Ní 2019, Bryan Cummings àti Michael Waring ṣírò rẹ̀ fún ilé gidi, wọ́n sì rí i pé a óò nílò láti igi mẹ́wàá dé ẹgbẹ̀rún kan lórí mítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan kí ó tó ṣe ohun tí fèrèsé tó ṣí ń ṣe. Ẹwà rẹ̀ àti ewé tí a ń já sínú ọbẹ̀ ti tó ìdí láti gbé e lọ.

Ó ku àwọn tó ń ti ibí lọ sí ìlú òyìnbó. Ẹ má ṣe di igi tòun ti ilẹ̀ sínú àpótí. Ilẹ̀ láti Nàìjíríà kò gbọ́dọ̀ wọ Bìrìtéènì tàbí Amẹ́ríkà báyìí ṣáá, igi náà sì nílò ìwé ẹ̀rí ìlera ewéko, èyí tí iléeṣẹ́ ìjọba NAQS ń fúnni lẹ́yìn àyẹ̀wò. Láìsí ìwé yẹn, ní pápákọ̀ òfurufú ni wọn yóò ti gbà á, wọn yóò sì pa á run. Ẹ fi tiyín sílẹ̀ fún aládùúgbò, kí ẹ wá ti ibẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ará ilé tó ti ń gbìn ín. Ewúro àti ẹfínrín ń hù dáadáa níta ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, ṣùgbọ́n yìnyín alẹ́ kan ṣoṣo lè pa wọ́n. Kí oṣù kẹwàá tó parí, kí ìkòkò ti wà nínú ilé, nítòsí fèrèsé tó dojú kọ gúúsù, kí ẹ má sì ṣe pààrọ̀ ilẹ̀ rẹ̀ títí di oṣù kẹta.